Òógùn Sàlámátù

Bí mo bá gbóòórùn òógùn tó gbẹ mọ́ aṣọ ilé ìwé, kíláàsì wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹfà ló máa ń padà sí mi lọ́kàn. Oòrùn àárọ̀ kò tíì ga, a ti sáré yí pápá ká, a ti wọlé, ogójì ọmọ nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ méjì kò ṣeé ṣí. Ẹfun ìkọ̀wé, òógùn, eruku, gbogbo rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ra wọn. Súwẹ́tà òtútù á sì wà lọ́rùn àwa tí a sáré. Súwẹ́tà, nínú ẹ̀ẹ̀rùn Ògbómọ̀ṣọ́! Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ó ti ń lọ sí ogójì ọdún, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú.

N kò ní dárúkọ ilé ìwé náà. Ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò gba ibẹ̀ kọjá kò pàdánù ohunkóhun. Ayé SAP la wà nígbà náà, ìgbà tí búrẹ́dì di ohun tí à ń fojú jẹ. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá, Ọ̀gá Fèrè là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, nítorí fèrè tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, àfi bí ẹni pé ó hù síbẹ̀ pẹ̀lú eyín. Bí ọmọ bá ti sáré dé òpin, Ọ̀gá kì í jẹ́ kó rìn, kì í jẹ́ kó mu omi, kì í jẹ́ kó fẹ́ra. "Sídáùn!" ni. A ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn, a ó na ẹsẹ̀, a ó wọ súwẹ́tà tí kálukú gbé wá láti ilé, kí òógùn lè jáde tán, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wí. Lẹ́yìn náà ni á wá da gúlúkóòsì sí wa lọ́wọ́ pé ká lá a. Gúlúkóòsì gbígbẹ, lẹ́nu gbígbẹ! Ahọ́n á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu bí ìgbà tí èèyàn fi ẹ̀kọ lẹ ìwé. Ìkòkò omi wà nínú ọ́fíìsì, kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì wà lápò Ọ̀gá. "Omi lórí òógùn, ikú ni," ni ó máa ń wí. "Ẹ̀dọ̀ yín á wú, ẹ ó sì kú sí mi lọ́rùn."

Òun tí kò sáré ńkọ́? Abẹ́ igi máńgòrò ló ń dúró sí. Á ní ká gbé kúlà òun wá, á gbé omi oníyìnyín sẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ á máa dún gbùkẹ́gbùkẹ́. Èyí tó bá kù ni á fi ṣan ojú, á fi fọ abíyá. Àwa á máa wo omi yẹn bó ṣe ń ṣàn lọ nílẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ìyá mi ń yan gàrí. Láti ìdájí títí oòrùn yóò fi kan àtàrí, ìdí agbada ló wà, iná níwájú, èéfín lójú, òógùn ń kán tótó lágbọ̀n rẹ̀. Kò sí eléré ìdárayá tó làágùn tó o. Síbẹ̀, bó bá dìde nídìí iná, kì í jókòó. Á tú gèlè, á ya apá rẹ̀ méjèèjì kúrò lára bí adìẹ tí oòrùn ń pa, á máa rìn jẹ́jẹ́ láti ìdí agbada dé ìdí igi gúáfà, á tún padà, títí èémí rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Á rẹ aṣọ ìnujú sómi, á fi lé ẹ̀yìn ọrùn, á fi nu abíyá, á fi nu àtẹ́lẹsẹ̀. Ìgbà náà ni á tó bu omi àmù, kọ́ọ̀bù kékeré. Sínú ìkejì, á ju iyọ̀ bíi orí èékánná. Bí mo bá ní kó gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà, á ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà." Bùbá tó rin gbindin, kíá ni á bọ́ ọ, ó ní aṣọ olóòógùn tó bá gbẹ síni lára, làpálàpá ló ń bí. Ìwẹ̀ ló ń gbẹ̀yìn, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò ka ìwé kan. Iná ló kọ́ ọ.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí ìyá bẹ́ẹ̀ fi jẹ́ kí n máa gbé súwẹ́tà lọ sílé ìwé. Èmi ni mo purọ́ fún un pé òtútù àárọ̀ ni.

Sàlámátù, ọmọ télọ̀ kan ní Sábó, ni ọ̀rẹ́ mi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, kò sí ọmọbìnrin tó lè bá a ní gbogbo ilé ìwé. Èmi ni mo máa ń ṣe ìkejì, bó bá sì dúró dè mí lópin eré, á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn mi lo ti ń wò láti ìṣáájú. Ṣé ó mọ́?"

"Ó mọ́, àmọ́ ó ń rùn."

A ó jọ rẹ́rìn-ín títí fèrè á fi dún mọ́ wa lórí pé ká jókòó. Ọdún yẹn, òun ni wọ́n yàn láti lọ bá wa sáré ní Ọ̀yọ́, níbi ìdíje àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti rán ṣòkòtò eré tuntun fún un.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan ká lọ, Ọ̀gá ní àárọ̀ kò tó mọ́, ọ̀sán gangan ló kó wa jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a sáré yípo méjì-méjì. Ní ìkẹta, Sàlámátù ló tún ṣáájú, àmọ́ kò bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. A jókòó, a wọ súwẹ́tà.

"Àbẹ̀kẹ́, ojú mi ń ṣú."

"Gbé orí lé orúnkún."

"Òùngbẹ ni. Òùngbẹ, Àbẹ̀kẹ́."

Mo nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Sàlámátù ní òùngbẹ ń gbẹ òun."

"Ṣé òun nìkan ló ní ọ̀nà ọ̀fun ni?" Ọ̀gá dáhùn lábẹ́ máńgòrò rẹ̀. "Kó gbé itọ́ mì!"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má bàa kà mí mọ́ ọn.

Kò pẹ́ tí ó fi ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo dì í mú. Ara rẹ̀ gbóná janjan, ó sì gbẹ, kò làágùn mọ́ rárá. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀gá Fèrè sáré dé, ó wò ó, ó fò sẹ́yìn. "Wárápá! Ẹ má fọwọ́ kàn án o!"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ nílùú wa. Ẹni tí wọ́n bá fi pè, kò sẹ́ni tó máa bá a fọwọ́ bọ àwo kan náà mọ́, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ẹ sílé. Gbogbo ọmọ fọ́n ká. Èmi náà fi í sílẹ̀, mo sá. Ọmọ ọdún méjìlá dùbúlẹ̀ nínú oòrùn pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn, ogójì èèyàn dúró lókèèrè, wọ́n ń wò ó.

Ẹni tó gbà á ni mérúwà kan, ọ̀kan nínú àwọn ará Sábó tó ń fi igi gbé agolo omi méjì kọ́ èjìká kiri ìlú tà. Ó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà ni. Ó sọ ẹrù omi rẹ̀ kalẹ̀. "Hábà, tíṣà! Oòrùn ń pa ọmọ, ẹ tún fi aṣọ òtútù dì í?" Ó fa súwẹ́tà náà bọ́ lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e lọ sábẹ́ máńgòrò, ó da omi sí i lórí, lọ́rùn, lábíyá, látẹ́lẹsẹ̀, ó sì ń fi fìlà rẹ̀ fẹ́ ẹ. Agolo kìíní tán, ó fa èkejì. Nígbà tí Sàlámátù lajú, ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi fún un, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ó gbé agolo òfìfo méjèèjì, ó ń bá tirẹ̀ lọ. A ò kí i pé ó ṣeun.

Ọ̀rọ̀, ẹyin ni. Kí oòrùn tó wọ̀, wárápá Sàlámátù ti dé Takie, ó ti yípo Ọjà Igbó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ wá, tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò pariwo. Ojú wa níbẹ̀, níbi tí a tò sí lójú àgbàlá, ló ti sọ fún hẹ́dímásítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò wá jà. Ẹ kàn bá mi sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ wọ̀nyí pé kì í ṣe wárápá. Gìrì kankan kò gbé e rí láti ọjọ́ tí a ti bí i."

"Bàbá, ẹ lọ fara balẹ̀," ni hẹ́dímásítà wí. "Tíṣà mọ ohun tí ojú ẹ̀ rí."

Mo rí bàbá náà bó ṣe tẹríba tó dúpẹ́. Ó dúpẹ́! Ìdúpẹ́ yẹn, kò tíì kúrò nínú ọkàn mi.

Níparí ìtò náà gan-an ni Ọ̀gá Fèrè pè mí síta, tó ní èmi ni n ó lọ sí Ọ̀yọ́ dípò rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, nídìí agbada, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún ìyá mi, súwẹ́tà, gúlúkóòsì, kọ́kọ́rọ́, gbogbo rẹ̀ pátá. Ipò tí wọ́n fi fún mi nìkan ni n kò sọ. Ó tẹ́tí sí mi títí gàrí fi jóná. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wé gèlè tó ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì hẹ́dímásítà. Ọ̀gá Fèrè wà níbẹ̀.

"Ìyá onígàrí," ni hẹ́dímásítà fi ẹ̀rín wí, "kí lẹ mọ̀ nípa eré ìdárayá?"

"Mo mọ ooru, sà. Mo ti ń jókòó tì í kí n tó bí ọmọ yìí. Wọ́n ní omi ò lọ́tàá, mi ò mọ̀ pé ó ní ọ̀tá nílé ìwé yín. Ọmọ yẹn ò ṣàìsàn, òùngbẹ àti súwẹ́tà ló fẹ́ pa á. Àbẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, ẹ bi í."

Hẹ́dímásítà kọjú sí mi. "Ṣé lóòótọ́ ló béèrè omi tí wọn ò fún un?"

Ọ̀gá Fèrè ń wò mí. N kò dé Ọ̀yọ́ rí. Mo ti sọ fún gbogbo ọmọ àdúgbò pé mò ń lọ.

"N ò rí i dáadáa, sà."

Ìyá mi kò lù mí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó jáde, ó ń rìn níwájú, mo ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí a fẹ́ẹ̀ délé ni ó sọ̀rọ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn: "Mo ṣebí ẹlẹ́rìí ni mo mú dání."

Mo lọ sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí a ń dúró de eré tiwa, mo rí àwọn ọmọ ilé ìwé mìíràn bí wọ́n ṣe ń sáré tán. Tíṣà wọn, obìnrin kan tó sanra, ń tẹ̀ lé wọn kiri pẹ̀lú báàkẹ́ẹ̀tì. "Ẹ má jókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ máa rìn, ẹ máa mí." Ó ń fi aṣọ tútù lé wọn lọ́rùn, ó ń bu omi fún wọn ní kọ́ọ̀bù kékeré. Ohun tí ìyá mi ń ṣe nídìí agbada ló ń ṣe yẹn, kò sì sí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wú. Inú bí mi débi pé n kò gbọ́ ìgbà tí wọ́n pe orúkọ mi.

Mo ṣe ìkẹta. Bí mo ṣe kọjá okùn, mo gbọ́ "Sídáùn!" N kò jókòó. Mò ń rìn lọ. "Ìwọ! Mo ní sídáùn!" Mo rìn kọjá níwájú rẹ̀, mo lọ sídìí báàkẹ́ẹ̀tì obìnrin náà. Ó bu omi fún mi láìbéèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. "Rọra, ọmọ mi, má gbé e mì pọ̀." Mo mu ún, mo ń sunkún. Ọ̀gá Fèrè fọ́ mi létí nínú bọ́ọ̀sì, kò tilẹ̀ dùn mí.

Kí ni mo wá ṣe yẹn? Ẹsẹ̀ mi ló gbójú ní Ọ̀yọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu mi ló yẹ kó gbójú ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sílé Sàlámátù ní Sábó. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, ìyá rẹ̀ sì dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pé ó ti sùn. Kí a tó gba ìsinmi, wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àbúrò rẹ̀ sọ fún mi pé ìdílé tó kọ́kọ́ wá tọrọ rẹ̀ yí padà, nítorí ẹnìkan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ti lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣèwádìí. Gìrì kankan kò gbé e rí títí di òní.

Lónìí, àwọn ọmọ mi máa ń tijú mi. Bí a bá fẹ́ lọ síbi eré ìdárayá nílé ìwé wọn, wọ́n á ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà lónìí." Wọ́n mọ̀ pé bí mo bá rí tíṣà tó ní kí ọmọ olóòógùn jókòó sínú oòrùn, pápá náà á gbọ́ ohùn mi. Àwọn òbí tó kù máa ń yìn mí pé mo láyà. Wọn ò bá mi dé ọ́fíìsì ọjọ́ yẹn. Ọmọ ọdún méjìlá tí mo jẹ́ nígbà náà kò gọ̀, kò sì dití. Ó mọ òótọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n báyìí. Ohun tí wọ́n bi í kò gbà ju kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá Fèrè ti kú, hẹ́dímásítà ti kú. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú ọ́fíìsì yẹn tí mo lè bínú sí, orúkọ mi ló ń jẹ́.