Àpótí Aṣọ Tí Ọwọ́ Ìyé Mọ̀

Òórùn káńfọ̀ ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò Òkìtìpupa ń rọ̀ bí ẹni pé kò nílé tí yóò padà sí. Ìbùkún, ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní yunifásítì níbí, wọ yàrá tí mo ti ń ránṣọ, ó sì ṣí àpótí irin tó wà lábẹ́ fèrèsé. Òórùn náà tú jáde, ó gba imú mi kan: káńfọ̀, koríko ọba gbígbẹ, àti aṣọ tí omi kò tíì kàn rí. Kíá, èmi ẹni àádọ́rin ọdún ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Ìkọ̀yà.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Aṣọ ti pọ̀ jù nílé mi. Mi ò ránṣọ tà mọ́, àmọ́ bí mo bá rí àǹkárá tó wù mí lọ́jà, ẹsẹ̀ mi kì í gbọ́ràn. Aṣọ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, aṣọ wà nínú àwọn báàgì ńlá tí wọ́n fi ń kó ẹrù ìrìn àjò. Léèsì tí mo rà nígbà ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà nínú ọ̀rá tó bá dé. Àwọn ọmọ mi ní kí n kó o fún èèyàn. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Ìbùkún nìkan ni kò jẹ́ kó parí. Ó ra ike onídèérí mẹ́jọ, irú èyí tí èèyàn ń rí inú rẹ̀ láti ìta, ó tò wọ́n kalẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká to gbogbo ẹ̀ ní àwọ̀-àwọ̀. Pupa lápá kan, búlúù lápá kan. Ẹ ó rí i bó ṣe máa rẹwà tó."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí, ó sì kù díẹ̀ kí n fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi.

Ìyé la ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Ìyé mi ni aránṣọ tí àdúgbò wa ní Ìkọ̀yà gbójú lé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lẹ́yìn ilé, bàbá mi ń fún epo ní ẹkù. Ìyé a máa sọ pé aláṣọ àlà kì í jókòó sí ìsọ̀ elépo, òun tó jẹ́ pé elépo ló fẹ́! Bàbá mi kò gbọ́dọ̀ ti ẹkù wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, kódà bó jẹ́ pé ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Ó ń kùn, ó sì ń fọ̀ ọ́.

Bí Ìyé bá ránṣọ tán, kì í da àṣẹ́kù rẹ̀ nù, àwọn oníbàárà kì í sì í béèrè. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọmọ yóò ga, abíyá aṣọ yóò ya, igi oko yóò fa ìdí búbá ya, wọn yóò sì padà wá. Àpótí irin mẹ́ta ló kó àwọn àṣẹ́kù náà sí. Ó gbé wọn ka orí òkúta nítorí ikán, ó fi káńfọ̀ àti koríko ọba sí igun wọn nítorí aáyán, bí oòrùn bá sì ràn dáadáa, a ó kó gbogbo rẹ̀ sá kó má baà bu. Èmi ni mo máa ń lé adìyẹ.

Bí Ìyé ṣe ń to àwọn aṣọ náà ni kò yé mi rárá. Ìdì kan wà fún ilé kan, àwọn ìdì náà sì tò tẹ̀ léra wọn bí ilé ṣe tẹ̀ léra láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ọ̀nà odò. Nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, aṣọ ọmọ ní kókó kan, ti ìyàwó ní méjì, ti baálé ní mẹ́ta. Bí ọmọbìnrin kan bá lọ sílé ọkọ, Ìyé yóò fa aṣọ rẹ̀ yọ nínú ìdì ilé bàbá rẹ̀, yóò so ó mọ́ ti ilé ọkọ, yóò sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn baálé méjì kan wà tí wọ́n ń jà sí ààlà ilẹ̀, tí wọn kì í kí ara wọn, ṣùgbọ́n ìdì wọn ṣì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn nínú àpótí. Ìyé ní àpótí òun kì í ṣe kóòtù.

Lójú tèmi, ààtàn lásán ni. Àrán wà pẹ̀lú kàmpálà, pupa wà pẹ̀lú àwọ̀ ewé. Tíṣà wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa láti máa to ìdérí ìgò ní àwọ̀-àwọ̀ ni, ó ní ohun tó bá jọra ló yẹ kó wà pọ̀. Nígbà tí Ìyé lọ sí Ìjù-Odò fún ọjọ́ méjì láti lọ wẹ ọmọ fún àbúrò rẹ̀ tó bímọ, mo rí àyè. Mo tú gbogbo ìdì, mo tú gbogbo kókó, mo to àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwọ̀-àwọ̀. Ó dára lójú mi débi pé mo yin ara mi.

Ìyé dé ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó ṣí àpótí àkọ́kọ́, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ṣí èkejì. Mo ń retí oríyìn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ibo lo kó Ìkọ̀yà mi lọ?"

Kò tíì rí èsì gbà tí Ìyá Fúnmi fi wọlé. Fúnmi ni ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, ilé wọn ni ìkẹta sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá rẹ̀ ti kú lọ́dún tó ṣáájú, aṣọ tí bàbá náà rà kẹ́yìn ni Ìyé fi rán gáùn fún un: búlúù rẹ́súrẹ́sú, òdòdó funfun. Òun ni yóò wọ̀ lọ́jọ́ kejì níbi ìkórè àwọn ọmọdé, níbi tí yóò ti ka Sáàmù lórí. Wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹyin iná kan já bọ́ sórí àyà gáùn náà, ó sì jó o lu. Fúnmi dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń sunkún láìpariwo.

"Aránṣọ, ẹ gbà wá," ni ìyá rẹ̀ wí.

Tẹ́lẹ̀, Ìyé ìbá kàn tọwọ́ sí ìdì kẹta, kó fa aṣọ oníkókó kan yọ. Lọ́jọ́ yìí, ó tẹrí ba sórí àpótí. Ó mú aṣọ kan, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó dá a padà. Ó mú òmíràn. Nígbà tó nàró, àwọ̀ ewé gidi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Fúnmi wo aṣọ náà, ó wo Ìyé. "Aránṣọ, ṣé eléyìí náà ni?"

Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ yé mi. Èmi ló máa ń ní kí n wá ti òwú bọ abẹ́rẹ́, èmi ló máa ń ní kí n mú òwú pupa wá, mo sì rò pé ṣe ló ń kọ́ mi níṣẹ́. Ojú Ìyé ti ń ṣú, kò mọ̀yàtọ̀ àwọ̀ mọ́, ọwọ́ ló fi ń wá ohun gbogbo, èmi sì ti fi ohun kan ṣoṣo tí kò lè rí to àpótí rẹ̀. Ta ni yóò gbé aṣọ fún aránṣọ tí ojú rẹ̀ ti lọ? Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo fò sáàárín wọn. "Èmi ni o! Èmi ni mo tú gbogbo ẹ̀, ó dàrú mọ́ Ìyé lọ́wọ́!" Mo fa aṣọ búlúù náà yọ, mo fi lé Ìyé lọ́wọ́. Ìyá Fúnmi gbá etí mi mú, ó lọ́ ọ. "Ọmọ yìí, ọwọ́ rẹ kì í gbélẹ̀!" N kò jẹ ìyà tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ìyé fi àṣẹ́kù náà ṣe àpò kékeré bo ojú ihò, ó ṣe ìkejì sí òdìkejì kó má baà dà bí àlẹ̀mọ́. Lọ́jọ́ kejì Fúnmi ka Sáàmù rẹ̀ láìṣìṣe, ẹ̀pà kún àpò méjèèjì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọmọbìnrin mẹ́ta ti wá sọ pé gáùn alápò méjì làwọn fẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìkórè yẹn, Ìyé pè mí jókòó. Ó ní, "Ojú mi ò ríran bíi tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọghọ́ mi mọ ghan." Ọwọ́ mi mọ̀ wọ́n ló ń sọ, ní Ìkálẹ̀ wa. A bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi a mú aṣọ, màá sọ bó ṣe rí, òun a fọwọ́ pa á, a sì dárúkọ ẹni tó ni ín, ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá, àti bí onítọ̀hún ṣe yọ òun lẹ́nu tó. Ó gbà wá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Méje ni a kò mọ ẹni tó ni wọ́n, a so wọ́n pọ̀, a pè wọ́n ní Ìdì Àlejò. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Títí mo fi lọ sílé ọkọ, èmi ni ojú rẹ̀, a kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Lẹ́yìn tí a sin Ìyé, Ìyá Fúnmi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì tú àṣírí náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ni kò mọ̀? Gbogbo wa la mọ̀, ọjọ́ ti pẹ́. A kàn ń gbé aṣọ wá ni." Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, omi a lé sí mi lójú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìkọ̀yà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lọ́ mi létí.

Ìyé ṣì wà láyé nígbà tí Fúnmi lọ́kọ sí Ìyànsàn. Ìyé fa aṣọ búlúù tó kù yọ nínú ìdì ilé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyànsàn kò sí nínú àpótí wa, ló bá so ó mọ́ ìdì ilé tiwa. Fúnmi ti lọ sinmi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn aránṣọ ìsinsìnyí ń gbá àṣẹ́kù dà sínú ọ̀rá ìdọ̀tí, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí aṣọ tó ya kì í padà wá sọ́dọ̀ ẹni tó rán an mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tí mo mọ̀ ló ti tì pa. Síbẹ̀, n kò rí ibòmíràn tí wọ́n ṣì ń gbé pọ̀ lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀, àfi nínú àpótí yìí tí mo jogún lọ́dọ̀ Ìyé.

Ìbùkún ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí mo fi sọ ìtàn yìí tán. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́? Èmi lẹ ń ní kí n máa ti òwú bọ abẹ́rẹ́ látọdún tó kọjá."

Mo ní kó mú aṣọ kan wá fún mi nínú àpótí, èyíkéyìí. Ó mú un wá. Mo fọwọ́ pa á: kókó kan, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ kan rí jágajàga níbi tí Ìyé ti gé àpò méjì.

"Ti Fúnmi nìyí," ni mo wí.

Ọmọ náà ti àwọn ike rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mú abẹ́rẹ́ lórí máṣíìnì, ó ti òwú bọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ó sì fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Ó dáa, Màmá," ló wí. "Ta ló ń gbé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì?"