Iṣẹ́ Tí Mo Fi Ipá Dá Dúró

Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti òórùn kápẹ́ẹ̀tì tútù ni mo fi ń rántí yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wa ní Òkè-Fìà. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ga tó ìdajì kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ, àmọ́ kò tó èyí tó ń gba odidi gbọ̀ngàn. Abẹ́nú ló ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, láìsí ẹni tó ń wò ó. Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ abẹ́nú náà ló ń kó èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti láàbù lọ sí wọ́ọ̀dù.

Ní gbogbo ọ̀sán Ẹtì, a máa ń dá àwọn iṣẹ́ náà dúró ká lè ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, ká tó tún wọn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. O lè ní kí iṣẹ́ parí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jáwọ́, kí o sì dúró dè é. O sì lè gé e lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ọ̀gá mi kọ́ mi. Obìnrin ni, mo sì dàgbà jù ú lọ dáadáa. "Àgbà akẹ́kọ̀ọ́," yóò fi mí ṣẹ̀fẹ̀, "ẹ rọra o. A kì í gba àwo lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹun."

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ìyàwó mi wà lórí àìsàn ní Iléṣà, lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ pè mí.

"Bàbá Ìbejì, ẹ máa bọ̀. Ó ń bèèrè yín."

Ọ̀gá ti lọ sí ìpàdé. Mo ní kí àwọn iṣẹ́ jáwọ́. Gbogbo wọn jáwọ́ àfi ti láàbù. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo gé e. Ẹ̀dà bẹ̀rẹ̀, mo sì lọ wọ mọ́tò Iléṣà.

Mo bá ìyàwó mi láàyè. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ parí iṣẹ́ kí ẹ tó wá?"

Ìbéèrè ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó mọ̀ pé mo pa ilé-ìwé tì ní kékeré. Òun ló tì mí padà síbẹ̀ nígbà tí mo ti di bàbá ọmọ.

"Mo parí rẹ̀," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjú sí ògiri.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀gá pè. "Kí lẹ ṣe sí iṣẹ́ láàbù?" Nígbà tó fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà kọ̀. Èsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gé sí méjì: orúkọ obìnrin kan wà níbẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sí. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Wọ́n ní láti tún àyẹ̀wò ṣe kí wọ́n tó lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ọkọ rẹ̀ sì ń sáré láti wọ́ọ̀dù sí láàbù.

"Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó wà. Ọlọ́run ló yọ yín."

Mo padà wọlé láti sọ òtítọ́ fún ìyàwó mi. Ó ti sùn. Mo ní kí n má jí i, ó di àárọ̀. Kò jí mọ́.

Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì, bó ti wù kó pẹ́ tó, mo máa ń jókòó ti ẹ̀rọ títí iṣẹ́ tó kẹ́yìn yóò fi jáwọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé ìṣọ́ra ni. Tó bá ti jáwọ́, tí yàrá dákẹ́, mo máa ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń dáhùn ìbéèrè tó ti pẹ́: "Mo parí rẹ̀."