Ọjọ́ Tí Àṣírí Ilé Iṣẹ́ Wa Jáde Nínú Gbohùngbohùn

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀rọ̀ ìjọba ò já mọ́ ilé iṣẹ́ wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òjò rọ̀, ìjì jà, iná mọ̀nàmọ́ná lọ bó ṣe máa ń lọ, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun tó wà nínú igbó ń bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ geere. Ibi kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ ti jò, ẹnu tèmi ni.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Ní Ẹdẹ, lójú ọ̀nà Ṣẹ̀kọ̀nà, níbi tí ilé ti tán tí oko ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀, ni díìṣì ńláńlá mẹ́ta wa wà nínú ọgbà onírin, tí wọ́n kọjú sókè bí ẹni ń retí òjò. Bí ọmọ ogun kan bá sọ̀rọ̀ lókè Ọya lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ náà á gòkè lọ bá sátẹ́láìtì, á sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa, àwa la ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó yẹ kó lọ. Kó tó gbéra ni ẹ̀rọ á ti lọ́ ọ pọ̀ bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Ẹni tó bá jí i gbọ́, ariwo lásán ni yóò gbọ́. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìkan ló lè tú u.

Àwọn ará ilé wa ò gba ìyẹn gbọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan bi mí pé, “Díìṣì tó tóbi tó yẹn, ẹ ò wá lè fi wo bọ́ọ̀lù?”

Mo ní, “Bàbá, à ń wò ó. Èyí tí wọn ò tíì gbá gan-an, a ti wò ó tán.”

Bí mo ṣe rí nìyẹn. Bí n ò bá ṣẹ̀fẹ̀ lóòjọ́, oúnjẹ kì í dà nínú mi.

Àwa méjì ló ń bójú tó ọ̀nà ọ̀rọ̀ àwọn ológun: èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó kéré sí mi, ọmọ ìlú Àrà. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, Ògún ni wọ́n sì ń bọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wá síṣẹ́, wọ́n ní ká búra pé a ò ní tú àṣírí. Èmi gbé ọwọ́ lé Kùránì. Òun ní kí wọ́n bá òun wá irin. Wọ́n wá irin títí, sípánà tó wà nínú mọ́tò ọ̀gá ni wọ́n rí. Ó fi ẹnu kàn án, ó búra. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí mò ń pè é ní Alágbàdúrà Sípánà.

Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, sípánà ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ tèmi. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ló máa di ẹnu yín?”

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, iṣẹ́ ńlá kan délẹ̀. Àwọn ọmọ ogun fẹ́ wọ igbó kan lọ gba àwọn èèyàn tí wọ́n jí gbé. Ọ̀gá wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ju àbúrò mi lọ, pe àwa méjì wọlé, ó sọ ọjọ́ náà fún wa, kí a lè ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún wọn. Mọ́ńdè ni. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n nínú ọgbà.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ya ilé ìyá mi ní ìgboro. Wọ́n ń bu epo pupa sínú kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n wò mí, wọ́n ní mo rù.

“Iṣẹ́ ni, Màámi. Ẹ fi wá sínú àdúà.”

“Àdúà kí ni?”

“Kó ṣáà yọrí sí rere.”

Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. Nínú agbo ilé wa, ẹni tó ní kí a ṣàdúà fún òun tí kò sọ ohun tó ń wá, bí ẹni tó rán èèyàn lọ sọ́jà láì dárúkọ ọjà ni. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n o, ṣùgbọ́n kí ni àwọn tó fẹ́ ṣe àmín máa ṣe àmín sí?

“Àbí ìyàwó kejì lo fẹ́ gbé, tó o wá ń fi iṣẹ́ bojú?” ni Màámi wí.

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé ọmọ àwọn ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Mo fẹ́ kí ojú wọn tàn sí mi lẹ́ẹ̀kan péré. Mo fẹnu sí wọn létí, mo ní àwọn ọmọ ogun ń wọ igbó lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pé ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ wọn wà.

“Ọwọ́ tìẹ?”

“Ọwọ́ tèmi, Màámi. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o.”

“Ta ni mo fẹ́ sọ fún?”

Ọlọ́run ni wọ́n sọ fún, lọ́nà tí wọ́n gbà ń bá a sọ̀rọ̀. Ní Jímọ̀, wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, wọ́n fi páálí ṣúgà kan ṣe sàárà tì í, wọ́n fi rán sí ààfáà. Lẹ́yìn ìrun, ààfáà kà á bí wọ́n ṣe ń ka ti gbogbo èèyàn: ẹnì kan ń tọrọ àdúà fún èèyàn rẹ̀ kan, tó ń bá àwọn ọmọ ogun wa gbé ọ̀rọ̀, àwọn tó máa wọ igbó lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Gbohùngbohùn mẹ́rin ló wà lórí mọ́ṣáláṣí yẹn. Àmín tí wọ́n ṣe, ó dé ìdí ọkọ̀. Awakọ̀ ilé iṣẹ́ wa ń kọjá lọ, ó gbọ́ ọ, ó sì lọ sọ fún ọ̀gá.

Àwọn ológun yí ọjọ́ náà padà kíákíá. Nígbà tí wọ́n wá wọ igbó, kò sí ẹni tó kú, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jí gbé fi ọjọ́ mẹ́rin kún ìyà wọn nítorí pé mo fẹ́ kí ìyá mi yìn mí.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọ̀gá pè wá. Ó ní, “Ẹ̀yin méjì péré lẹ mọ̀ ọ́n. Ta ni nínú yín?”

Ẹnu mi tí kì í sinmi tún ṣe tirẹ̀. Àwàdà ló jáde: “Ọ̀gá, èmi tí n kì í dé mọ́ṣáláṣí àfi lọ́jọ́ Iléyá? Ààfáà ò tilẹ̀ mọ ojú mi. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń kírun níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi.”

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ẹdẹ ni, Mùsùlùmí ni, ibẹ̀ ló sì ń kírun. Awakọ̀ tó wá jẹ́rìí bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?”

“Àwàdà ni mò ń ṣe.”

“Èmi mọ̀,” ó ní. “Ọ̀gá ni kò mọ̀.”

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti gba káàdì ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé ná. Akọ̀wé kan ní, “Ìbúra orí sípánà, ìyẹn náà ń jẹ́ ìbúra?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́ wọn ní ẹ̀fẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi dákẹ́. Lọ́jọ́ kẹwàá, ọ̀gá ní kí n bá òun kọ ìròyìn ọdún tí ilé iṣẹ́ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ológun, pé èmi ni mo mọ ìwé kọ. Mo kọ ọ́. Mo kọ bí ọ̀nà ọ̀rọ̀ kò ṣe já. Mo kọ bí a ṣe pààrọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ pé, “Òṣìṣẹ́ kan tú àṣírí, a sì ti dá a dúró.” Mo tún gbólóhùn náà kà, ó ń dùn lẹ́nu. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Mo gbé e sórí tábìlì ọ̀gá, mo sì forí lé ilé Màámi. Wọ́n jókòó, wọn ò ṣiṣẹ́ kankan.

“Ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ sunkún ní mọ́ṣáláṣí lónìí,” wọ́n ní. “Wọ́n ní wọ́n dá ọkọ rẹ̀ dúró nítorí ìwé àdúà kan.”

Mo jókòó tì wọ́n.

“Ìwé tèmi ni. Ṣé o ti sọ fún wọn pé ìwé tèmi ni?”

Mo mi orí pé rárá. Wọn ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n kàn wọlé lọ mú ìborùn. “Gbéra. Èmi náà ń bá ọ lọ.”

Ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ kí Màámi wọlé. Wọ́n bá a fa ọ̀rọ̀: “Lọ sọ fún ọ̀gá yín pé ẹni tó kọ ìwé ló dé!” Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó sínú mọ́tò. Èmi nìkan ni mo wọlé.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ mi tán, ó mú ìròyìn mi. “Ẹ ti mọ̀ ọ́n nígbà tẹ́ ẹ kọ eléyìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ kọ.”

Mo kọ ọ́ pé èmi tí mo kọ ìròyìn yìí ni mo tú àṣírí. Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn níbẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní oko bàbá rẹ̀ ní Àrà. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín ebè, èmi ẹ̀gbọ́n.

“Ẹ dìde,” ó ní. “Wọ́n ti ní kí n padà síṣẹ́. Mo ti dárí jì yín.” Ó ro ilẹ̀ díẹ̀. “Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, àwọn obìnrin ilé tí à ń gbé ní Ẹdẹ ò kí ìyàwó mi mọ́, wọ́n ní òun ló tú àṣírí. Ara rẹ̀ ò tiẹ̀ dá a lójú. Ó máa ń bi mí láàárọ̀ bóyá mo sọ ọ́ lójú oorun tí òun sì gbé e jáde láì mọ̀. Òun ni kẹ́ ẹ lọ bẹ̀.”

Mo padà sí Ẹdẹ, mo bá ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó ní kí n dúró ná. Ó lọ pe àwọn obìnrin ilé jáde níkọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ ẹní fún wọn, ó wá ní, “Ẹ tún un sọ.”

Mo tún un sọ. Ìyá àgbà kan tí etí rẹ̀ ti ń di ní òun ò gbọ́ ibi tí mo ti dárúkọ ara mi. Mo sún mọ́ wọn, mo tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.