Nígbà Tí Mo Ń San Owó Ilé Nínú Ilé Ara Mi

Òórùn ọ̀dà tútù àti ti sìmẹ́ǹtì tí kò tíì gbẹ tán ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí a kó dé ilé tí a kọ́ sẹ́yìn Ìgándò, lápá ibi tí ọ̀nà ti yà sí Ìjẹ̀gùn. Títí dòní, bí mo bá gba ibi tí wọ́n ti ń kun ilé kọjá, ara mi á yá gágá. Ó pẹ́ tí a fi gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní Ẹgbẹ́dá, nínú ilé kan tí lánlọ́ọ̀dù ibẹ̀ máa ń wúkọ́ kó tó kan ilẹ̀kùn lópin oṣù. Ikọ́ yẹn nìkan tó láti ba oúnjẹ jẹ́ mọ́ mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí a ń kó kúrò, mo dúró lójúde, èmi náà wúkọ́ bíi tiẹ̀, mo ní ó parí, kò sẹ́ni tó tún máa gba owó ilé lọ́wọ́ mi mọ́ láyé yìí. Ìyàwó mi, tó ń to ìkòkò sínú ọkọ̀ akẹ́rù, kàn wò mí ni. Ó yẹ kí n ti fura sí ìwò yẹn.

Ará Èkìtì ni àwa méjèèjì. Tíṣà ni òun nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìdímù, èmi ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Bí mo ṣe rò ó nígbà náà ni pé ilé dà bí ọmọ tó ti gboyè jáde: o ti náwó lé e lórí tán, ó kù kó máa bọ́ ẹ. Mo tilẹ̀ ti yan iṣẹ́ míì fún owó tí à ń san ní Ẹgbẹ́dá. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tòkunbọ̀ kan wà níbì kan ní Ìyànà Ìpájà tí mo máa ń yà wò bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Mo ti ń wò ó pẹ́ débi pé ẹni tó ń tà á ti ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ mi. Mo máa ń fọwọ́ pa á lórí, bẹ́ẹ̀ n kò tíì kọ́ ọkọ̀ wíwà.

Ìgbà tí oṣù àkọ́kọ́ parí, mo jókòó sí pálọ̀ tuntun, mo na ẹsẹ̀, mo ń gbádùn ara mi. Ni mo bá gbọ́ tí ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ikọ́ lánlọ́ọ̀dù Ẹgbẹ́dá gan-an ni. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, mo ṣí i, ìyàwó mi ló dúró síbẹ̀, ó ṣán aṣọ mọ́ra bíi bàbá arúgbó.

"Ẹ kú ilé o, ayálégbé. Owó oṣù yìí ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Owó ilé ta ni?"

"Owó ilé yìí ni, Dádì. Ilé yìí ni lánlọ́ọ̀dù wa báyìí, èmi kàn ń bá a gba owó ni. Ẹ má wo bó ṣe ń dán yẹn, jàre. Ilé máa ń jẹun."

Ó ti ní kí kápẹ́ńtà tó kan òrùlé wa fi pákó tó ṣẹ́kù kan kóló kan fún un, ó sì ti gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá. Iye tí à ń san ní Ẹgbẹ́dá náà ló ní a ó máa san, kò lé, kò dín. Ó ti kọ́kọ́ ju ìdajì tirẹ̀ sínú rẹ̀ kí n má bàa rí ọ̀rọ̀ sọ. Bí kóló bá kún, á kó owó náà lọ sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn tíṣà, á ní kí wọ́n fi pamọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A kò gbọdọ̀ fi ra ìrẹsì, a kò gbọdọ̀ fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, kódà bí ìyá mi bá ránṣẹ́ láti ilé, inú àpò mìíràn la ó ti wá a. Àmọ́ bí pọ́ǹpù tó ń fa omi kànga bá jóná, tàbí ṣalangá bá kún tí a ní láti pe ọkọ̀ tó ń wá fà á, ibẹ̀ ni owó ti ń jáde láìsí ariwo. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilé ń jẹun tó bẹ́ẹ̀. Èmi ṣá, ojú ọkọ̀ Ìyànà Ìpájà ni mo ń rí nínú kóló náà ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń ju owó sí i, inú sì ń bí mi díẹ̀díẹ̀.

Ó wá ṣẹlẹ̀ lópin oṣù kan pé alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wọlé dé. Owó tí a fẹ́ dá jọ fún tiransífọ́mà ló bá wá. Ibi tí mo ti ń ka owó fún ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà, tí mo ń sọ pé "Ẹ má bínú ó pẹ́ díẹ̀, lánlọ́ọ̀dù," ló bá wa. Ó béèrè pé kí là ń ṣe. Ìyàwó mi sọ fún un láìfi bò, pé owó ilé ni ọkọ òun ń san. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Nígbà tí mo fi máa dé ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta, orúkọ mi ti di "Lánlọ́ọ̀dù Ayálégbé". Ojú tì mí. Mo délé, mo ní eré náà tó gẹ́ẹ́. Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín o. Ẹ ṣá ti san tiyín."

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òjò kan rọ̀ tí kò fi bò pé jà ló wá jà. Gọ́tà òkè àdúgbò ti dí, gbogbo omi rẹ̀ sì gba ẹ̀yìnkùlé wa. Ó wó fẹ́ǹsì wa lulẹ̀, ó wú yẹ̀pẹ̀ ìdí ilé títí ìpìlẹ̀ fi hàn síta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ògiri yàrá àwọn ọmọ ti sán láti ojú fèrèsé dé ilẹ̀. Bíríkìlà tó kọ́ ilé náà wá, ó ki ìka rẹ̀ bọ ojú sísán yẹn, ìka náà wọlé. Ó ní bí òjò bẹ́ẹ̀ bá tún rọ̀ kí a tó fi irin àti kọnkéré gbé e dúró, yàrá náà máa lọ, á sì fa ìyókù. Iye tó dá lé e, bí mo bá ta ara mi mọ́ ọn, kò lè pé. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan láti òkè àdúgbò fi wá kí wa. Ilé rẹ̀ ti ju ẹyọ kan lọ ládùúgbò náà. Ó kí wa kú ewu tán, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun lè rà á bó ṣe wà yẹn, kí n tó pàdánù gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo tún ń gbọ́ ikọ́ Ẹgbẹ́dá létí mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo sọ fún ìyàwó mi pé ó jọ pé ká tà á. Orí búlọ́ọ̀kù fẹ́ǹsì tó wó ló jókòó sí. Kò bá mi jà. Ohun tí kò sọ rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ ló sọ.

"Ilé bàbá mi tẹ́ ẹ rí nílé, tó ti di ahoro yẹn, kò wó lọ́jọ́ kan. Ó jò lójú kan ní pálọ̀, a gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ó tún jò níbòmíì, a tún gbé abọ́ míì. Owó kòkó wà nígbà yẹn o, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ ló ti níbi tó ń lọ, ilé nìkan ni wọn ò rántí. Èmi ni mo máa ń da omi abọ́ nù. Lọ́jọ́ tá a kó lọ sílé àbúrò bàbá mi, bàbá mi gbé abọ́ kan lọ́wọ́, wọ́n dúró láàárín yàrá àlejò, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí."

Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ nídìí ìró rẹ̀.

"Lánlọ́ọ̀dù ló máa ń tún ilé ṣe, Dádì, kì í ṣe ayálégbé. Ẹ ní kí bíríkìlà máa bọ̀ láàárọ̀."

Owó ilé tí a ti ń jù sínú kóló, tó wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, pé. Ó ra irin, ó ra òkúta àti sìmẹ́ǹtì, ó san owó òṣìṣẹ́, èyí tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ la fi la gọ́tà tuntun gba ẹ̀yìnkùlé. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń da kọnkéré, omi sì dà lójú mi. Mo ti fẹ́ràn obìnrin yẹn tipẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀ bí a ṣe ń bẹ̀rù àgbà. Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Èmi ti gbọ́ òwe yẹn láìmọye ìgbà, òun ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ọkùnrin òkè àdúgbò ra ilé méjì ní òpópónà wa lọ́dún náà, kò rí tiwa rà. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, alága fà mí sẹ́yìn, ó rọra béèrè pé, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, báwo gan-an lẹ ṣe ń ṣe é?" Mo ní kó lọ wá ẹni tí yóò máa wúkọ́ fún un. Ní ti ọkọ̀ Ìyànà Ìpájà, n kò rà á, n kò sì kọ́ ọkọ̀ wíwà títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Àwọn ọmọ ti lọ tán báyìí. Owó ìfẹ̀yìntì kò tó nǹkan, a ti dín owó ilé kù, ṣùgbọ́n à ń san án. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ ọmọ wa obìnrin ní Abẹ́òkúta láti bá a tọ́jú ọmọ tuntun, èmi nìkan ló kù nílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá òjò ń rọ̀, mo gbọ́ tó, tó, tó, lórí tábìlì pálọ̀. Mo dìde, mo lọ mú abọ́ ní kíṣìnnì. Mo ti dé àárín pálọ̀ kí n tó rí ara mi bí mo ṣe dúró, abọ́ lọ́wọ́. Mo dá a padà síbi tó wà, mo sì pe kápẹ́ńtà kí òjò tó dá.

Nígbà tí ìyàwó mi pè ní alẹ́, mo sọ fún un pé òrùlé ti jò lójú kan.

"Ẹ gbé abọ́ síbẹ̀?"

"Rárá. Kápẹ́ńtà ti ṣe é."

Mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ-ọmọ wa lẹ́yìn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé òun náà fẹ́ sunkún. Nígbà tó yá ó wúkọ́, ó ní owó ilé oṣù yìí ńkọ́.