Ìwọ̀n Kejì

Tí ẹ bá ń wá olórí kunkun, ẹ wá wo káfíńtà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Bàbá Ẹ-Tún-un-Wọ̀n là ń pè é. Ogójì ọdún ló fi ń la pákó, kò sì gé ọ̀kan rí láì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rún pákó tó ń fà símú ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, á dúró lẹ́ẹ̀mẹta, á máa ṣe bí ẹni tó ń yẹ ògiri wò.

Ìyàwó rẹ̀ lọ sí ìlú kan lórí òkè gíga, níbi tí ọmọ wọn ti ń ṣe tíṣà, kó lè bá a tọ́jú ìbejì. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá. Ó ti di ọdún méjì. Bàbá ń dá jẹun, ó ń bá rédíò jiyàn. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju ayùn rẹ̀ lọ, mi ò jẹ́ sọ fún un.

Níkẹyìn ó ní òun ń lọ bá ìyàwó òun. Afẹ́fẹ́ òkè yẹn fẹ́lẹ́, kì í tó ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́, ni dókítà bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n fi ìbòmú bò ó nímú kó lè máa mí irú afẹ́fẹ́ òkè náà fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n sì fi nǹkan kan há ìka rẹ̀, tó ń ka iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tí nọ́ńbà náà ò bá ti wá sísàlẹ̀ márùndínláàádọ́rùn-ún, ó lè máa lọ.

Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ló dúró sí. Inú mi dùn débi pé mo sáré fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti mú bírò.

"Ẹ tún un wọ̀n," ni bàbá wí.

"Bàbá, ẹ ti yege o!"

"Mi ò gé igi rí lórí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan."

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò tiẹ̀ wojú mi.

Wọ́n jẹ́ kó sinmi, wọ́n tún un ṣe. Méjìdínlọ́gọ́rin. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó yọ ìbòmú náà. Dókítà wo ìwé méjèèjì, ó mi orí. Ó ní kò síbi tí wọ́n ti lè rí ọ́síjìn rà lókè yẹn, òun ò lè fọwọ́ sí i.

Nígbà tá a délé, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó sì jẹ́ kí ohùn obìnrin náà jáde síta, torí ariwo ẹ̀rọ ìlapákó ti mú lára etí bàbá lọ.

"Wọ́n ní mi ò lè wá."

"Bàbá wọn, ṣebí wọ́n ní ẹ ti yege?"

"Mo ní kí wọ́n tún un wọ̀n."

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ń sunkún.

"Ìyá wọn, tí mi ò bá tún un wọ̀n ni, ǹ bá wá kú sí yín lọ́rùn."

"Ẹ̀ bá kúkú wá kú síbí," ni ó wí, ẹkún ti gba ohùn rẹ̀. "Ta ló wà lọ́dọ̀ yín báyìí?"

"Kò sí ẹnì kankan," ni bàbá dáhùn.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò bínú sí i.