Ìṣẹ́jú Mẹ́ta fún Ẹni Tó Dá Ẹ̀rọ Dúró

Ìka mẹ́rin ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi kì í tọ́ mọ́. Bí wọ́n bá nawọ́ sí ọ, wàá rò pé wọ́n di nǹkan mú. Ẹsẹ̀ adìẹ ni ọwọ́ náà fi ọdún mẹ́tàlá dì mú, nínú ilé-iṣẹ́ ìpa-adìẹ tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n á fa adìẹ yọ láàyè nínú àpótí, wọ́n á dorí rẹ̀ kodò, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì há ìkọ́ irin tí ń kọjá lọ lókè orí. Mẹ́rìnlélógún ní ìṣẹ́jú kan. Mi ò bù mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ ló ń gbé adìẹ dé ibi yòókù. Á kọ́kọ́ ri orí rẹ̀ bọ omi tí iná mànàmáná wà nínú rẹ̀, kí ó lè dákú. Lẹ́yìn náà abẹ á gé e lọ́rùn. Lẹ́yìn abẹ ni omi gbígbóná tó ń mú kí ìyẹ́ rọrùn láti tu. Bí agbára iná mànàmáná yẹn bá lọ sílẹ̀, adìẹ kì í dákú. Èyí tí kò bá dákú á gbé orí sókè, abẹ á sì tàsé rẹ̀. Èyí tí abẹ bá tàsé, inú omi gbígbóná ló ń bọ́ sí láàyè.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, iná lọ sílẹ̀. Bàbá mi ké sí alábòójútó lẹ́ẹ̀mejì. Alábòójútó ní, “Ẹ máa kọ́ ọ lọ, jàre.” Bàbá mi fi ìkọ́ sílẹ̀, wọ́n rìn dé ìdí ògiri, wọ́n tẹ bọ́tìnnì pupa. Gbogbo ẹ̀rọ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì, mánéjà ní kí wọ́n lọ máa fọ àpótí ní ìta, nínú òtútù. Ibẹ̀ ni wọ́n wà dòní. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì sọ wọ́n ní Dúró-Ná.

“Dúró-Ná, ṣé a lè máa jẹun báyìí, àbí ká ṣì dúró?”

“Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ,” bàbá mi á ní. “Ẹnu tiyín ni kò ní bọ́tìnnì.”

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ wọn. Bí ọkọ̀ bá ti kó adìẹ dé láàárọ̀, bàbá mi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ kú ìrìn o.” Adìẹ ni wọ́n ń kí.

Nígbà tí ìjọba fẹ́ ṣe òfin tuntun lórí bí a ṣe ń sin ẹran ọ̀sìn àti bí a ṣe ń pa á, ìkéde jáde pé kí ará ìlú wá sọ tẹnu wọn níwájú ìgbìmọ̀ kan. Wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ ìkéde náà síbi tí òṣìṣẹ́ ti lè rí i. Mánéjà lẹ tiwọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bàbá mi jókòó níbẹ̀, wọ́n kà á tán.

“Ìwọ lo kàwé,” ni wọ́n sọ fún mi nígbà tí wọ́n délé. “Bá mi forúkọ sílẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí wọ́n fi sínú òfin yẹn.”

Gbólóhùn náà nìyí: kí òṣìṣẹ́ tó bá rí adìẹ tó ṣì wà láàyè lójú ọ̀nà omi gbígbóná lè dá ẹ̀rọ dúró, kí ẹnikẹ́ni má sì fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni dá wọn padà sídìí ìkọ́. Wọn kò bẹ̀bẹ̀ fún ara wọn rárá.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ fún olùsọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wù lè fi ìwé ránṣẹ́ pẹ̀lú, bí kò bá ti kọjá ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé. Mo mọ̀. Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé, ojú ewé kan, mi ò sì fi ránṣẹ́. Mo rò pé ẹnu ẹni tó tẹ bọ́tìnnì yóò wúwo ju ìwé ọmọ rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán Sunday a dán an wò nínú pálọ̀. Bàbá mi dúró lẹ́yìn àga, èmi di fóònù mú, mò ń wo aago rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí ìkíni nìkan gba ìṣẹ́jú méjì.

“Bàbá, ẹ gé e kúrú.”

“Kí n gé kín ni?”

“Ìkíni yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n fún yín.”

“Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n fún ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ta ló ń ka ìkíni mọ́ ọ̀rọ̀? Ẹni tó ṣì ń kí èèyàn, ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni?”

Ìyá mi ń ká aṣọ lórí ìjókòó. “Fi bàbá ẹ sílẹ̀, jàre,” wọ́n ní. “Ẹni tó ń kí adìẹ, ṣé alága ni kò wá ní kí?”

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Mo pa aago fóònù. Ó yẹ kí n bá wọn jà lọ́jọ́ yẹn.

Kápẹ́ẹ̀tì búlúù ló wà nílẹ̀ gbọ̀ngàn ìpàdé. Ìgò omi wà níwájú ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan, aago oníná pupa kan sì wà lára ògiri tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Agbẹjọ́rò àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ adìẹ ló ṣáájú bàbá mi. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ka ìwé rẹ̀ pé mánéjà nìkan ni kí òfin gbà láyè láti dá ẹ̀rọ dúró, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ a máa ṣàṣejù. Ó parí nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ.

Bàbá mi bọ́ síwájú, wọ́n wọ kóòtù tí ìyá mi lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tẹrí ba. Aago bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀yin alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé, ẹ kú làálàá, ọwọ́ ò ní ro yín. Agbẹjọ́rò, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá wa láti ibi iṣẹ́, mo rí yín níbẹ̀ yẹn, ẹ kú àbójútó. Ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè jókòó, ẹ kú ìdúró o. Alága, mo gbọ́ tí ẹ ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ rọra máa mu omi yẹn.”

Alága, obìnrin onígíláàsì kan, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì mu omi. Mò ń wo aago. Bàbá mi kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ará ẹ̀yìn kí wọn padà, wọ́n tún dáhùn. Wọ́n bi àwọn ọ̀gá pé ilé ńkọ́. Wọ́n tọrọ gáfárà pé ẹnu àwọn kò mọ́ tó ti agbẹjọ́rò. Wọ́n wá gbé ọwọ́ wíwọ́ yẹn lé tábìlì.

“Ọ̀rọ̀ mi ò gùn. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná lọ sílẹ̀...”

Agogo dún. Máìkì kú fúnra rẹ̀. Mo rí ẹnu wọn tó ń sọ pé, “Ẹ dúró ná.”

“Ẹ ṣeun gan-an, bàbá,” ni alága wí. “Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìyànjú. Ẹni tó kàn!”

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Mánéjà ló pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù. Mo dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ mi. Akọ̀wé wo orúkọ, ó ní orúkọ mi kò sí níbẹ̀, àti pé àkókò ìwé ti kọjá lánàá. Òótọ́ ló sọ.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sílé, bàbá mi ní, “Mo ti débẹ̀ tán. Àbí o ò rí i? Mo ti dé ibi iná.”

“Ẹ dé ibi iná. Ẹ ò dé ibi adìẹ.”

A kọjá ibùdókọ̀ méjì. “Bí mi ò bá kí wọn, kí ni wọ́n á mọ̀ mí sí?”

“Wọ́n ti mọ̀ yín,” ni mo ní. “Ìyẹn ni wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́.”

Mi ò tíì bẹ̀ wọ́n lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Lẹ́yìn oṣù méje, àbọ̀ ìgbìmọ̀ jáde pẹ̀lú òfin. Ìlà kan ṣoṣo ló kan bàbá mi, ní ojú ewé ọgọ́sàn-án: “Òṣìṣẹ́ ilé ìpa-adìẹ kan kí ìgbìmọ̀ kú iṣẹ́. Kò mú àbá kankan wá.” Abala kẹrìnlá òfin náà ní mánéjà nìkan ló lè dá ẹ̀rọ dúró.

Mo ka abala kẹrìnlá fún wọn nínú pálọ̀. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n dìde, wọ́n lọ dúró lẹ́yìn àga bíi ti ọjọ́ Sunday yẹn.

“Gbé aago ẹ,” wọ́n ní.

Mo gbé fóònù. Wọn kò kí mi. Wọ́n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: iná tó lọ sílẹ̀, alábòójútó tí wọ́n ké sí lẹ́ẹ̀mejì, adìẹ tó gbé orí sókè, tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀, omi gbígbóná, bọ́tìnnì, gbólóhùn kan tí wọ́n fẹ́. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

“Mélòó ni?” bàbá mi bèèrè.

“Ìṣẹ́jú àáyá méjìdínláàádọ́ta.”

“Á tó, àbí?”

“Á tó, bàbá.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n lọ gbé bàtà òjò wọn, torí agogo iṣẹ́ ọ̀sán ti fẹ́ lù.