Ìyàwó Tó Wà Lẹ́nu Télọ̀

Màmá Yanu ni àwọn aláìsàn ń pe dókítà eyín náà. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe o. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ jù lọ ni wọ́n sọ di orúkọ fún un: "Ẹ yanu, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tún yanu sí i." Bó bá ń kọjá lọ ní kọ́rídọ̀, àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì á ya ẹnu gbàgà dè é, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹnu wọn lóòótọ́, á ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ lọ fọ ti ẹ̀yìn dáadáa."

Ilé ìtọ́jú eyín kan tó ń dán gbinrin láàárín ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ló ti máa ń rí i tí wọ́n ń dá àwọn alárùn ọpọlọ padà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á ní wọ́n máa ń géni jẹ, wọ́n á ní wọn kì í jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á ní wọ́n ń dẹ́rù ba àwọn oníbàárà. Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Lójú àwọn ènìyàn yẹn, kò ṣeé yọ eyín fún náà nìyẹn. Ìgbà tí ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà lẹ́yìn ìlú ń wá ẹni tó máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, obìnrin náà ní òun á lọ. Ẹ̀ẹ̀kan di ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì di ojoojúmọ́.

Ìpẹ̀kun kọ́rídọ̀ ni yàrá rẹ̀ wà, ó fẹ̀gbẹ́ kan ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn, nítorí náà òórùn ọṣẹ kì í kúrò níbẹ̀. Àga àwọn aláìsàn ti fàya, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Iná tó fi ń wo ẹnu kì í dúró lókè, àfi kí ẹnìkan dì í mú. Ó ti yọ dígí ara ògiri kúrò, torí àwọn kan máa ń rí ojú tí kì í ṣe tiwọn nínú rẹ̀. Ó máa ń fi aṣọ bo ẹ̀mú tó fi ń yọ eyín. Kò sì ní ṣe ohunkóhun láìkọ́kọ́ sọ ọ́: "Mo fẹ́ fi irin kékeré yìí kan eyín yín. Á tutù díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n dúró, ẹ gbé ọwọ́ sókè." Ó mọ̀ pé oògùn tó ń mú ọkàn wọn rọ̀ máa ń gbẹ itọ́ lẹ́nu, ẹnu tí kò bá sì nítọ́, kíá ni eyín inú rẹ̀ ń jẹrà. Àti pé ẹni tí ayé ń yí lójú, níbo ló ti fẹ́ rántí búrọ́ọ̀ṣì?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọ̀gá nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin mú aláìsàn kan tí wọ́n ń pè ní Télọ̀ wá. Ọmọ Télọ̀ obìnrin tẹ̀ lé wọn. Iṣẹ́ onídìrí ló ń ṣe, wọ́n ti ránṣẹ́ pè é láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Télọ̀ wú bí bọ́ọ̀lù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ojú. Ara rẹ̀ ń jó bí iná. Síbẹ̀, ó di ẹnu pinpin.

Nọ́ọ̀sì ní, "Wọn kì í yanu fún ẹnikẹ́ni, mà. Omi pàápàá, ẹ̀gbẹ́ ètè ni wọ́n fi ń fà á. Wọ́n ní ìyàwó àwọn wà níbẹ̀."

"Níbo?"

"Nínú ẹnu, mà."

Ẹ̀rín fẹ́ já lẹ́nu ọ̀gá nọ́ọ̀sì bó ṣe sọ ọ́, àmọ́ bó ṣe tún rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà, ó gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì.

Ọmọ náà ló ṣàlàyé. Yàrá kan ṣoṣo ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti jọ ń ránṣọ. Ìyá á gé aṣọ, bàbá á rán an. Bí ọwọ́ méjèèjì bàbá bá dí, ìyá á máa fi píìnì há a ní ètè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ahọ́n àti eyín ń jà, àwọn méjèèjì náà máa ń jà lórí ọrùn aṣọ àti lórí apá aṣọ, àmọ́ wọ́n ò lè fi ara wọn sílẹ̀. Ibà ló pa ìyá, aṣọ oníbàárà wà lórí tábìlì tí kò tíì gé e tán. Bàbá kò sunkún nígbà ìsìnkú. Kò pẹ́ sígbà náà ló ní ìyàwó òun ti padà dé, pé inú ẹnu òun ló sá pamọ́ sí.

"Ó ní bí òun bá ya ẹnu, atẹ́gùn á gbé e lọ," ọmọ náà wí.

Ọkàn Màmá Yanu kò balẹ̀ mọ́. Ọyún tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ yẹn lè gba ojú lọ sínú ọpọlọ. Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti lè fún un lóògùn oorun kí wọ́n tó yọ eyín tó fà á ní kò sí àyè títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ jẹ́ kí n pe àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan, ká dì wọ́n mú."

"Rárá o," ni dókítà wí. Ó fa àpótí kan, ó jókòó nísàlẹ̀ ojú ọkùnrin náà. "Bàbá, ẹ bá mi kí ìyàwó yín."

Télọ̀ wò ó. Àárín eyín ni ohùn rẹ̀ gbà jáde. "Ó ní ẹ ṣeun."

"Ẹ̀gbẹ́ wo ni wọ́n jókòó sí?"

Ó nàka sí òsì, síbi tó wú.

"Ibẹ̀ ti gbóná jù, bàbá. Iná ń jó níbẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún sí ọ̀tún díẹ̀, kí n lè pa iná náà."

Télọ̀ fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ní ta ló máa di ilẹ̀kùn mú."

"Èmi ni," Màmá Yanu dáhùn. "Ọwọ́ mi ni mo máa fi dí i."

Ni Télọ̀ bá ya ẹnu.

Òórùn náà kún yàrá. Ọmọ rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ohun tí dókítà kọ́kọ́ rí ni eyín iwájú méjèèjì. Òwú tí ọkùnrin náà ti ń fi eyín já láti ìgbà èwe, àti píìnì tó ń há mọ́ ọn, ti gé ojú ihò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sétí wọn. Wọ́n ń dán bí ìloro tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lókè, ni eyín tó bàjẹ́ wà, ó dúdú, ó ti fọ́, ọyún yí i ká. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó dúró kí ibẹ̀ kú tipiri. Nọ́ọ̀sì di iná mú. Ọwọ́ òsì dókítà dábùú ẹnu bó ṣe ṣèlérí, ó ń fi ọ̀tún ṣiṣẹ́. Eyín náà mì, ó mì, ó jáde, ọyún sì tẹ̀ lé e.

Ìgbà yẹn ni èémí kan jáde lẹ́nu Télọ̀. Ó gùn, ó tutù, ó gba àárín ìka dókítà kọjá, ó sì ní ìró kan nínú, bí ìgbà tí obìnrin bá dáhùn láti yàrá kejì pé, "Hùn?"

Dókítà gbójú sókè. Ẹ̀yìn ni ọmọ náà kọ sí wọn. Iná ni nọ́ọ̀sì ń wò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé eyín òkè ni, pé ihò wà nínú egungun lókè rẹ̀, afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀. Òótọ́ ni. Ó fi òwú dí ojú egbò náà.

Ibà lọ, wíwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì wálẹ̀. Inú àwọn dókítà wọ́ọ̀dù dùn. Wọ́n ní Télọ̀ ò gbọ́ ohùn mọ́, pé oògùn tuntun ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ Télọ̀ kò jẹun. Ọjọ́ tó padà wá kí dókítà wo ojú egbò, kò dúró kí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó, ó ya ẹnu sílẹ̀ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò.

"Ẹ wò ó bó ṣe wù yín," ó ní. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́."

"Bàbá…"

"Ẹ ní ẹ ó di ilẹ̀kùn mú."

Kò jágbe. Ì bá jágbe, ì bá sàn fún Màmá Yanu. Wọ́n kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, wọ́n kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń ṣe sí gbòǹgbò tó kán sínú, kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní èyí.

Láti ọjọ́ náà, yàrá rẹ̀ kò ṣófo mọ́. Á máa fọ irinṣẹ́ lọ́sàn-án gangan, á sì gbọ́ tí ẹnìkan wúkọ́ pẹ̀lẹ́ níbi àga, bí ẹni tí kò fẹ́ dí oníṣẹ́ lọ́wọ́. Bó bá yíjú, àga òfìfo ni. Ó pa ẹ̀rọ tí ń fa itọ́, ó tún gbọ́. Ó ní kí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wá wò ó. Onítọ̀hún ní kò sóhun tó ṣe é. Ta ló fẹ́ sọ fún? Inú ọgbà yẹn kọ́ lèèyàn ti ń sọ pé òun ń gbọ́ ohùn. Kó o tó mọ̀, wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ẹ.

Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé rí i pé kì í jẹun tán mọ́.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Eyín ń dùn mí ni."

"Eyín! Ìwọ?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o, apẹja tí eegun ẹja há lọ́fun!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ti ń gbìyànjú láti rántí ohùn ìyá àwọn, pé ojú ìyá ni òun ń rí, ìró ti lọ pátápátá. Ó ti gbà kúrò lẹ́nu ọkùnrin kan ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wá kiri.

Nígbà tí ara Télọ̀ wá ń rù sí i, dókítà lọ bá ọmọ rẹ̀ onídìrí ní ṣọ́ọ̀bù, ó bi í pé kí ni wọ́n máa ń sọ bó bá wá kí bàbá rẹ̀.

"A kì í sọ nǹkan kan, mà. Bí mo bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́wọ́ sókè pé kí n dákẹ́, kí àwọn lè gbọ́ ti ìyá mi. Mo kàn máa ń jókòó ni."

"Ẹ wá sọ̀rọ̀ báyìí," ni dókítà wí.

Yàrá ìtọ́jú eyín ni wọ́n ti pàdé. Ọmọ náà gbé ife oúnjẹ rírọ̀ dání, kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ oníbàárà kan tí irun rẹ̀ ò gbọ́ ti kóòmù. Bàbá ò wò ó. Ni sùúrù bá tán nínú rẹ̀.

"Bàámi, ẹ jẹun jàre! Ṣé ẹ̀yin nìkan ló kú fún ni?"

Orí Télọ̀ sọ sókè. Ó ń wo ètè ọmọ rẹ̀. "Tún un sọ."

"Kí ni, Bàámi?"

"'Ẹ jẹun jàre.' Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ohùn rẹ̀ nìyẹn."

Ọmọ náà tún un sọ tẹkúntẹkún. Ìgbà yẹn ni Télọ̀ ké. Ó ya ẹnu ké e, igbe tó yẹ kó ti ké létí sàréè. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Màmá Yanu dá a dúró.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

"Ó ti kú," Télọ̀ ń wí. "Ó ti kú, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi. Ó ti kú."

Kó tó kúrò lórí àga, ó ti mu ìlàjì ife náà.

Ó padà sílé nígbà tó yá. Igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀ ni wọ́n gbé máṣínì rẹ̀ sí. Kò pa oògùn rẹ̀ jẹ. Síbẹ̀ àwọn oṣù kan máa ń burú, wọ́n á sì tún dá a padà sí wọ́ọ̀dù fún ìgbà díẹ̀. Ó ń há píìnì sí ètè bó ti wù kí dókítà kìlọ̀ tó. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà mìíràn tó bá wá ṣàyẹ̀wò eyín, á wo yàrá náà yíká, á rẹ ohùn sílẹ̀.

"Dókítà, ṣé ẹ ò gbúròó rẹ̀ níhìn-ín?"

"Rárá, bàbá."

Irọ́ ni. Kò mọ ohun tí òótọ́ máa ṣe lórí ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán.

Bó bá dé lówùúrọ̀ tó sì ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà, Màmá Yanu máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ kú ilé o," kó tó tan iná. Nọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n fi sọ́dọ̀ rẹ̀ bi í léèrè nígbà kan pé ta ló ń kí. Ó ní àṣà lásán ni. Nọ́ọ̀sì náà wo àga, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀, kò sì bi í mọ́.